Ọjọ́ Kan Láàrin Ààfin Peleș àti Odi Bran

   Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bèèrè ìgbà tí a ó kọ nípa ìrìn-àjò tí èèyàn lè mú ọmọ dání lọ. Ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì tán nínú ilé wa títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Ìpàdé kan tó jẹ mọ́ iṣẹ́ wa ló gbé wa dé Bucharest, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Románíà. Mẹ́rin ni wá: àwa òbí méjèèjì, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó máa ń bì bí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà. Láti ilé ni ọmọbìnrin yìí ti ń pariwo pé ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ rí ní Románíà, ìyẹn ilé Dracula, òkú tó ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Inú fíìmù àwọn ọmọdé ló ti rí i. A ò ta kò ó. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: àwa tí à ń fi èdè àti ọ̀rọ̀ jẹun, a ò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rárá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà dé ibẹ̀ láti Bucharest. Èkíní ni ọkọ̀ ojú irin, tó ń gba ìlú Sinaia kọjá lọ sí Brașov. Láti Brașov, èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bran. Èyí ló dínwó jù, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọmọ kékeré dání á sáré títí. Èkejì ni bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó ogún, ọgbọ̀n èèyàn pọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ìdílé gba ọkọ̀ àti afinimọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀. Owó ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà nínú èyí, kì í ṣe owó orí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá ti tó mẹ́rin, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Nítorí inú ọmọ wa tó máa ń rú, èyí la yàn. Ìpolówó tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù kọ ọ́ gàdàgbà pé ká wá wo ilé tí Dracula gbé. Ọmọbìnrin wa kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Aago méje òwúrọ̀ ni afinimọ̀nà wa dé, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun náà ló sì ń wa ọkọ̀. Ó ní ká máa pe òun ní orúkọ òun. Àwọn ọmọ wò wá lójú, ojú wa sì sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. "Àǹtí" ni wọ́n ń pè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ Románíà náà máa ń pe obìnrin tó bá dàgbà ní "tanti". Láti ìgbà náà ni ara ti tu gbogbo wa.

Bí a ṣe ń lọ, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ìlú lójú ọ̀nà. Ẹ wo lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú Peleș. Àmì kékeré tó dà bí kọ́mà ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń pè é gan-an ni àwa ṣe ń pe ṣ tiwa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi pe Peleș, Brașov àti Bușteni lọ́nà tó ya Àǹtí lẹ́nu. Ó ní ọ̀pọ̀ àlejò ló ń pè é ní "Peles", àti pé àwọn ọmọ ìlú òun fúnra wọn kì í fẹ́ fi àmì sí ọ̀rọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń tẹ̀wé lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, "pește" ni ẹja, "peste" sì túmọ̀ sí orí nǹkan tàbí òkè rẹ̀. A ní kó má wulẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé àrùn kan náà ló ń ṣe wá nílé.

Ààfin tí wọ́n ti mọ́ àwọn aráàlú

Sinaia la kọ́kọ́ dúró sí, nínú àfonífojì odò Prahova, lábẹ́ òkè Bucegi. Ibẹ̀ ni ààfin Peleș wà láàrin igbó igi firi. Ọba Carol Kìíní ló kọ́ ọ. Ọmọ ìdílé ọba ní Jámánì ni, ọdún 1866 ni wọ́n mú un wá jẹ olórí Románíà, ó sì di ọba ní 1881. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé náà ní 1873, wọ́n ṣí i ní 1883, wọ́n sì ń fi kún un títí di 1914 tí ọba náà fi wàjà. Ọgọ́jọ yàrá ló wà níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná tirẹ̀ fún un, nígbà tí ọ̀pọ̀ ààfin nílẹ̀ Yúróòpù ṣì ń tan àbẹ́là. Ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, Àǹtí ní ká gbójú sókè: òrùlé gíláàsì aláràbarà kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ oníná máa ń ṣí, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́fà wa gbàgbé pé inú ń rú òun. Nígbà tó tún rí yàrá ohun ìjà, tí idà, ọ̀kọ̀ àti ẹ̀wù irin inú rẹ̀ lé ní ẹgbàajì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i mú jáde.

Ohun tí a ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Àǹtí sọ níta, lórí ìjókòó òkúta nínú ọgbà. Ìjọba Kọ́múníìsì fipá mú Ọba Michael sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kejìlá ọdún 1947. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba ààfin náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1953. Ṣùgbọ́n ní 1975, Ceaușescu tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n ti gbogbo àyíká náà pa mọ́ àwọn aráàlú. Àfonífojì yìí ni wọ́n bí Àǹtí sí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òkè ni àwọn ti máa ń wo ṣóńṣó ilé náà láàrin igi, bàbá òun á sì ní kí àwọn má nawọ́ sí i. Ọdún 1990, lẹ́yìn tí wọ́n ti dojú ìjọba yẹn dé, ni wọ́n tó tún ṣí i. Ó ní ọjọ́ tí ìyá òun kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ẹkún ló ń sun láti yàrá kan dé èkejì.

Ọmọbìnrin wa bi í pé, "Àǹtí, kí ló ń pa á lẹ́kún?"

Ó ní, "Ó ní ilé àwọn ni, àwọn ò sì mọ̀ ọ́n."

Kí a tó kúrò, ó fi ilé kékeré kan hàn wá nítòsí, tí wọ́n ń pè ní Pelișor. Ó ní, "Ọkàn èèyàn kan wà níbẹ̀. Bí a bá dé Bran, màá sọ bó ṣe débẹ̀."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni?"

Ọ̀nà kún láti Sinaia gba Predeal, bó ṣe máa ń kún ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti lé ní aago méjìlá ọ̀sán kí a tó dé Bran. Odi náà dúró lórí àpáta, ṣóńṣó rẹ̀ nà sókè, ó sì rí bí ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù lóòótọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjà ni. Wọ́n ń ta wàràkàṣì tí wọ́n fi èèpo igi firi wé, wọ́n ń ta àkàrà òyìnbó tí wọ́n yí mọ́ igi tí wọ́n sì sun lórí èédú. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, Dracula ni gbogbo nǹkan: fìlà Dracula, kọ́ọ̀bù Dracula, eyín oníke tó gùn ṣóńṣó. Ọmọbìnrin wa fẹ́ ra eyín. Àǹtí ní kó ní sùúrù dìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀.

Àtẹ̀gùn tóóró, yàrá kéékèèké, ògiri funfun, àga onígi. A rí àtẹ̀gùn ìkọ̀kọ̀ tó wà láàrin àpáta, tí wọ́n ṣàwárí nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. A rí yàrá orin. A rí bẹ́ẹ̀dì. Lókè, ọmọbìnrin wa ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, yàrá Dracula dà?"

Àǹtí wò wá, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. A mi orí sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ó ní, "Kò gbé ibí rí."

Ojú ọmọ náà yí padà. Àwa ló kọjú sí. "Mọ́mì, ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ibí ni."

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ bí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. A sanwó, a rin ìrìn wákàtí mẹ́ta ó lé, a sì ti fi ẹnu ara wa jẹ́rìí sí ohun tí a ò wádìí. Nígbà náà ni Àǹtí sọ ohun kan tí kò pọn dandan kó sọ. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun náà máa ń nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì náà pé ibẹ̀ ló ń sùn. Inú àlejò á dùn, wọ́n á fi owó lé owó fún òun. Lọ́jọ́ kan, òun mú ọmọ òun dání. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé lálẹ́, ọmọ náà ní, "Mámà, ta ló sọ fún yín?" Òun ò rí ìdáhùn. Láti ọjọ́ yẹn, òótọ́ lòun ń sọ. Àwọn àlejò kan máa ń bínú, wọ́n á kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé òun ba ọjọ́ àwọn jẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ò yí ìpolówó padà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Òtítọ́ ọ̀hún rèé, bó ṣe sọ ọ́ fún wa, tí a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa lẹ́yìn náà.

Ọdún 1377 ni Louis Kìíní, ọba Húngárì, fún àwọn Saxon, ìyẹn àwọn Jámánì tó tẹ̀dó sí Brașov, láṣẹ láti fi owó ara wọn kọ́ odi síbẹ̀. Ẹnubodè ni Bran láàrin Transylvania àti Wallachia. Wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Vlad tí wọ́n ń pè ní Țepeș, tó jẹ́ olórí Wallachia ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, kò jọba níbẹ̀ rí. Ìkà èèyàn ni lóòótọ́: ó máa ń fi òpó ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún àwọn ọ̀tá rẹ̀, títí kan àwọn oníṣòwò Saxon. Ó sì tún gbógun ti ilẹ̀ ọba Ottoman láti dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Jámánì ló gbé ìròyìn ìkà rẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé ó jí láti inú sàréè. Òǹkọ̀wé ọmọ Ireland kan, Bram Stoker, ló mú orúkọ rẹ̀, tó sì fi sọ amùjẹ̀ inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1897. Stoker kò dé Románíà rí títí ó fi kú.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ló dùn wá jù, nítorí iṣẹ́ wa ni. Ní 1431, bàbá Vlad wọ ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun Kristẹni kan tí dírágónì jẹ́ àmì wọn. Wọ́n ń pè é ní "Dracul" nítorí rẹ̀. "Dracula" wá túmọ̀ sí ọmọ Dracul. Orúkọ oyè ni. Ṣùgbọ́n nínú èdè Románíà òde òní, ẹ̀mí àìmọ́, olórí gbogbo ibi, ni "drac". Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe yí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìdílé kan di orúkọ àǹjọ̀nnú létí ọmọ aráyé. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àwa tí wọ́n fi orúkọ Èṣù túmọ̀ Sátánì fún nínú Bíbélì, a mọ ohun tí ìtumọ̀ lè fi orúkọ ṣe. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò wolé ló sọ Bran ní ilé Dracula.

Ẹni tó gbé ilé náà ní tòótọ́

Ta ló wá ni yàrá orin àti bẹ́ẹ̀dì tí a rí? Ayaba Marie ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1875, ọmọ ọmọ Ọbabìnrin Victoria ni, ó sì fẹ́ Ferdinand tó jọba lẹ́yìn Carol. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ní 1919, ó lọ sí Paris láti bá àwọn alágbára ayé sọ̀rọ̀ nítorí Románíà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1920, àwọn aláṣẹ ìlú Brașov fi odi Bran ta á lọ́rẹ. Òun ló sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnubodè di ilé tí òdòdó wà lójú fèrèsé rẹ̀.

Nígbà tó kú ní Pelișor ní 1938, wọ́n yọ ọkàn rẹ̀ sínú àpótí kékeré bó ṣe fẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Balchik, ní etí Òkun Dúdú, níbi tó fẹ́ràn. Ní 1940, ilẹ̀ yẹn bọ́ sọ́wọ́ Bùlgáríà. Wọ́n gbé ọkàn náà sá wá sí Bran, wọ́n fi í sínú àpáta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ileana, kọ́ ilé ìwòsàn síbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sọ ọ́ ní Ọkàn Ayaba. Àwọn Kọ́múníìsì lé Ileana kúrò nílùú. Amẹ́ríkà ló parí ayé rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Orthodox. Ọkàn ìyá rẹ̀ di ohun ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bucharest. Ọdún 2015 ni wọ́n tó gbé e padà sí Pelișor, sínú yàrá tó kú sí. Ní ti Bran, ọdún 2006 ni ìjọba dá a padà fún àwọn ọmọ Ileana.

Ọmọ ọdún mẹ́fà wa dákẹ́, ó ní, "Ṣé ó ti sinmi báyìí?" Àǹtí ní, "A lérò bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra eyín náà nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀. Ó fi í sẹ́nu, ó yíjú sí wa, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé eré ni o." A rẹ́rìn-ín títí tí a fi dé ilé oúnjẹ, níbi tí a ti jẹ mămăligă, tí ẹ ó rò pé túwó àgbàdo ni, pẹ̀lú sarmale, ẹran àti ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè bóyá owó ìwọlé wà nínú ohun tí wọ́n gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ ní ìjókòó ọmọdé, àti bóyá afinimọ̀nà ní ìwé àṣẹ. Peleș kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, Bran sì máa ń pẹ́ ṣí lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ẹ mú ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá lè yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀nà á rọ̀ yín lọ́rùn. Àtẹ̀gùn Bran pọ̀, ó sì tóóró. Kò dára fún arúgbó tí orúnkún ń dùn, kẹ̀kẹ́ ọmọ kò sì lè gbà á. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù, kódà ní oṣù Karùn-ún, torí orí òkè ni. Leu ni wọ́n ń pe owó wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kìnnìún. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, Románíà ti wọ agbègbè Schengen pátápátá, físà Schengen náà sì ni ẹ ó fi wọlé.

Ní tiwa, a ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ta ìrìn náà fún wa pé kí wọ́n yí ìpolówó wọn padà. Wọn ò tíì fèsì. Ṣùgbọ́n ìyípadà kan ti dé bá ilé wa. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ibikíbi fún àwọn ọmọ báyìí, ọmọbìnrin wa á gbọ́ ọ tán, á sì bi wá, bí ọmọ Àǹtí ṣe bi ìyá rẹ̀, pé, "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín?" Nígbà mìíràn, a máa ń rí ìdáhùn. Nígbà mìíràn, a ó ní kó fún wa láyè ká lọ bèèrè.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìtàn ibo lẹ ti sọ fún ọmọ yín rí, tí ẹ wá rí i lẹ́yìn náà pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé; kí Elédùmarè máa ṣọ́ àlọ àti ààbọ̀ gbogbo wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.